Owó-Orí Tí Ẹnìkan Kò Bù Lé Wa

Kò sí àgbà kan láàrin wa tí kò mọ ohun tí à ń pè ní owó-orí. Àwọn bàbá wa san án fún ìjọba, wọ́n gba ìwé rẹ̀, wọ́n sì ká a sínú àpò agbádá nítorí akódà. Àwa tí a ti jókòó pẹ́ nídìí tábìlì akọ̀wé mọ̀ pé kò sí owó tí ènìyàn ń fi ìkanra san tó o. Ṣùgbọ́n owó-orí mìíràn ń bẹ tí ọba kan kò bù lé ẹnikẹ́ni, tí akódà kan kò sì ní torí rẹ̀ kan ilẹ̀kùn wa. Òun ni owó tí ènìyàn fi tinútinú yọ sọ́tọ̀ kí àwọn ọ̀mọ̀wé lè wádìí ohun tí ń bẹ nínú orí ọmọ ènìyàn, kí àwọn oníṣẹ́ abẹ sì lè tọ́jú rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣàìsàn. Nípa owó-orí yìí ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Àwa Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ orí ṣeré. Bí ọ̀nà bá là fún ènìyàn, a ní orí rẹ̀ ni ó gbè é. Bí ọ̀nà bá dí, a ní kí ó lọ bẹ orí rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá yẹ ìwé ìnáwó ilé wa wò, òde orí nìkan ni à ń náwó lé. Owó fìlà wà níbẹ̀, owó gèlè wà níbẹ̀, owó onídìrí pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Níti ọpọlọ tí ń bẹ lábẹ́ gbogbo rẹ̀, mùdùnmúdùn tí a fi ń rántí orúkọ ọmọ wa, tí a fi ń mọ ọ̀nà ilé, a kò rí kọ́bọ̀ kan tí a kọ síwájú rẹ̀.

Nígbà tí a wà ní ọmọdé, ọmọbìnrin kan wà ní agbolé tí ó kángun sí tiwa, tí wárápá máa ń gbé ṣánlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó mọ ìwé ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó ṣubú níwájú kíláàsì, ẹ̀kọ́ rẹ̀ parí. Àwọn òbí kan ní kí ó má ṣe bá ọmọ àwọn jókòó lórí àga kan mọ́. Bí àìsàn náà bá gbé e, tí ó ń yọ ìfófó lẹ́nu, gbogbo ènìyàn a sá sẹ́yìn, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí itọ́ náà bá kàn yóò gba àrùn náà. Ní ọjọ́ kan ó ṣubú sí ìdí ààrò. Kò sí ẹni tí ó tètè fà á kúrò níbẹ̀. Àpá iná náà wà ní apá òsì rẹ̀ títí di òní.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tí ó wá bẹ ìlú wa wò ni ó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Hóró oògùn funfun kan ni wọ́n fún un, tí owó rẹ̀ kò tó owó ẹja tí a fi ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó ti ń lò ó ní alaalẹ́ tí kò jẹ́ kí ó yẹ̀, ìṣubú náà ń dín kù, títí ó fi di ohun tí ọdún lè yí po kí a má rí i. Lónìí, ó ti di ìyá ọmọ, ó sì ní ìsọ̀ tí ó ti ń ta aṣọ.

Phenobarbital ni orúkọ oògùn náà. Ní 1912 ni dókítà ará Jámánì kan, Alfred Hauptmann, kọ̀wé jáde pé oògùn yìí, tí à ń lò láti mú ènìyàn sùn, ń dá wárápá lẹ́kun. Kò mọ ìlú wa, kò sì lè pe orúkọ rẹ̀. Obìnrin tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí náà kò gbọ́ orúkọ Hauptmann rí. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ ti ń rìn: ẹni tí ó gbìn ín kì í mọ ẹni tí yóò jẹ ẹ́, ẹni tí ó jẹ ẹ́ kì í mọ ẹni tí ó gbìn ín. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ènìyàn ni wárápá ń bá jà ní ayé, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó lè tó 70 tí àìsàn náà kò ní gbé ṣánlẹ̀ mọ́ bí a bá tọ́jú wọn bí ó ti yẹ.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, a fẹ́ kí gbogbo ilé tí ń ka ìwé ìròyìn yìí mọ̀ dájú pé wárápá kì í ràn. Bí ó bá gbé ẹnìkan níwájú yín, ẹ kó iná àti ohun mímú kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sí i lábẹ́ orí, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má ṣe ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí kò dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nísinsìnyí, ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ó dé tí ìwádìí orí fi ní láti máa dúró de ọrẹ àánú. Àwọn àgbà ní, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe náà jinlẹ̀ ju bí a ti ń lò ó lọ. Bí ẹsẹ̀ bá kẹ̀, a lè rí i, a sì lè fọ̀ ọ́. Ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀. Egungun agbárí bò ó yíká. Bí ọ̀bẹ bá sì ṣèèṣì yà díẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ lè lọ, ojú lè lọ, apá kan ara lè rọ. Nítorí náà, ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án ní láti tún kọ́ṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ó ti di dókítà. Ó ní láti ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú orí, àti nọ́ọ̀sì tí ó mọ iṣẹ́ náà lámọ̀dunjú, àti ọ̀mọ̀wé tí ń fi ẹ̀rọ yẹ ohun tí ojú lásán kò lè rí wò. Ìwádìí pẹ̀lú lè gba ogún ọdún kí ó tó so èso kan, èso náà sì lè má jẹ́ èyí tí a lọ wá. Oníṣòwò tí ó fẹ́ rí èrè rẹ̀ kí ọdún tó yí kò lè dúró de irú ọjà bẹ́ẹ̀. Owó tí a ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn kò sì lè gbé e. Ibi tí ọ̀ràn náà fi bọ́ sí ọwọ́ àwọn olùtọrẹ nìyẹn.

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa jẹ́ ti ẹnu lásán, ẹ jẹ́ kí a mú yín dé ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí Yunifásítì McGill wà. Ní 1928, oníṣẹ́ abẹ kan tí a bí ní Amẹ́ríkà, Wilder Penfield, dé síbẹ̀ láti ṣiṣẹ́. Ní ọdún kan náà ni a gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ruth, wá bá a. Láti ìgbà ọmọge Ruth ni gìrì ti ń mú un. Nígbà tí a sì yẹ̀ ẹ́ wò, kókó ńlá kan ni a bá níwájú ọpọlọ rẹ̀. Àbúrò ni ó gbé ọ̀bẹ ti ẹ̀gbọ́n. Ó yọ púpọ̀ nínú kókó náà, ṣùgbọ́n kò lè yọ ọ́ tán. Ara Ruth mókun, ó sì padà sí ilé rẹ̀.

Nígbà tí ó lé ní ọdún kan, Penfield lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ruth fẹ́ se oúnjẹ alẹ́ fún àlejò kan àti ará ilé mẹ́rin, iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe láìronú ní gbogbo ayé rẹ̀. Nígbà tí àkókò oúnjẹ tó, ohun kan tàbí méjì ti wà lórí iná, ṣùgbọ́n ẹran wà nílẹ̀ láìsè, obìnrin náà sì wà láàrin gbogbo rẹ̀, ó dààmú, kò mọ èyí tí yóò ṣe ṣáájú. Ọwọ́ rẹ̀ kò rọ, ahọ́n rẹ̀ kò wúwo, ìfẹ́ ilé rẹ̀ kò dín. Ètò iṣẹ́ ni ó fò lọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ mọ bí a ti ń gbé omi àmàlà kaná nígbà tí ọbẹ̀ ń hó, tí ẹ sì ń fi ojú kan ṣọ́ ọmọ, ẹ ó mọ ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Láti inú ilé ìdáná ni Penfield ti rí iṣẹ́ tí iwájú ọpọlọ ń ṣe fún wa. Kókó náà tún hù, Ruth sì kú ní 1931.

Ìpinnu kan ti wà lọ́kàn ọkùnrin yìí, ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì sọ ọ́ di dandan. Ó fẹ́ kọ́ ilé kan ní yunifásítì náà, níbi tí oníṣẹ́ abẹ, dókítà àti olùwádìí yóò máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan, kí ìbéèrè tí ó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn aláìsàn lè dé iyàrá ìwádìí kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò ní owó rẹ̀. Ó kọ̀wé sí Rockefeller Foundation ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ kò sì yọrí. Kò káàárẹ̀. Ní 1932, nígbà tí ọ̀dá owó dá gbogbo ayé, àjọ náà fọwọ́ sí ọrẹ tí ó lé ní 1,200,000 dọ́là. Ìjọba Quebec, ìlú Montreal àti àwọn olówó ìlú náà fi tiwọn kún un. Ní 1934 ni a ṣí ilé náà, tí à ń pè ní Montreal Neurological Institute.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìṣirò fẹ́ kí ẹ kíyè sí ọ̀nà tí wọ́n gbà pín owó náà, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Èyí tí ó lé lórí mílíọ̀nù kan náà ni wọ́n fi sí ilé kíkọ́. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n fi pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ojú owó, kí èlé tí ó bá ń bí máa gbọ́ bùkátà ìwádìí ní ọdọọdún. Ẹni tí ó ní oko kòkó kì í gé igi kòkó dáná; èso ni ó ń ká, igi a sì dúró de ọdún tí ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ọrẹ tí à ń ṣe ní àyíká wa ni ó dàbí ẹni gé igi: a ná an lọ́jọ́ kan, a yà á ní àwòrán, ó sì tán. Ọrẹ ti 1932 ní ìdí nílẹ̀. Ẹni tí ó fọwọ́ sí i ti lọ, ẹni tí ó gbà á ti kú ní 1976, ilé náà sì ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀.

Kí ni ó so? Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Penfield ti rí lọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni Otfrid Foerster ní Jámánì bí a ti lè lo èyí fún àǹfààní aláìsàn. A fi oògùn pa ìmọ̀lára awọ orí, a ṣí agbárí, aláìsàn a sì wà lójúfò, a máa bá dókítà sọ̀rọ̀. Dókítà a wá fi iná mànàmáná tí kò lágbára kan ojú ọpọlọ ní ibi kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá kan ibìkan, àtàǹpàkò aláìsàn a mì. Bí ó bá kan òmíràn, yóò ní ètè òun ń ṣe yìnnìnyìnnìn. Bí ó bá kan ibi ọ̀rọ̀ sísọ, ohùn a dá. Wọ́n a fi bébà kékeré tí a kọ nọ́ḿbà sí lé ibi kọ̀ọ̀kan. Ní 1937, òun àti Edwin Boldrey tẹ ìwé kan jáde nípa ohun tí wọ́n rí lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, wọ́n sì fi hàn bí apá kọ̀ọ̀kan ara ti ní àyè tirẹ̀ lójú ọpọlọ. Bí àwòrán ilẹ̀ ti rí fún arìnrìn-àjò ni ìwé náà rí fún àwọn oníṣẹ́ abẹ, nítorí ẹni tí ó bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ sísọ gbé wà yóò mọ ibi tí ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ dé.

Ní 1950 ni obìnrin ọ̀mọ̀wé kan, Brenda Milner, ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé kan náà. Ní 1953, a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà nítorí wárápá. Wárápá náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò lè di ohun tuntun mú lọ́kàn mọ́. Ẹni tí ó kí i láàárọ̀ di àlejò lọ́sàn-án. Milner fi sùúrù jókòó tì í. Ó ní kí ó máa fi gègé tọ ojú ìlà àwòrán ìràwọ̀ kan, kí ó máa wò ó nínú díńgí nìkan. Lójoojúmọ́ ni ọwọ́ ọkùnrin náà ń mọ́ iṣẹ́ náà sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé òun ti ṣe é rí. Láti ibẹ̀ ni ayé ti mọ̀ pé ìrántí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo: ti ọwọ́ yàtọ̀ sí ti ọkàn, ibùgbé wọn kò sì papọ̀. Ẹni tí òbí rẹ̀ àgbà ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ, tí ó sì lè hun irun bí ti àtijọ́, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé òun.

Ibo ni owó yìí ti wá ná? A kò ní fi í pamọ́. Epo ni John D. Rockefeller fi là. Kàràsíìnì rẹ̀ ni ó tan àtùpà ní ọ̀pọ̀ ilé. Ọ̀nà tí ó gbà ṣe òwò náà fa àríyànjiyàn púpọ̀, títí ilé ẹjọ́ gíga Amẹ́ríkà fi pàṣẹ ní 1911 pé kí a pín ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ní 1913 ni a dá àjọ ìtọrẹ náà sílẹ̀. Àwa kò wí pé ọrẹ a máa wẹ olówó mọ́. Ohun tí a ń wí ni pé owó tí ìbá tán sórí ààfin mìíràn lọ sí ibi tí ó ti ń wo àwọn ọmọ ẹlòmíràn sàn.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni èyí. Àjọ kan náà ni ó rán àwọn olùwádìí wá sí Yábà ní Èkó ní 1925 nítorí ibà pọ́njú, ìwádìí náà sì wà lára ohun tí ó la ọ̀nà fún abẹ́rẹ́ àjẹsára tí à ń gbà kí a tó rìnrìn-àjò. Ní àwọn ọdún 1960, ó tún na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ sí Yunifásítì Ìbàdàn, pàápàá fún iyàrá ìwádìí àwọn kòkòrò àrùn.

Níti ọpọlọ, ọmọ Awẹ́ kan ni ó kọ́kọ́ fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà lélẹ̀ ní Ìbàdàn. Latunde Odeku ni orúkọ rẹ̀, a bí i ní 1927. Ó kàwé ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà, ó di dókítà ní 1954, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Yunifásítì Michigan. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó kọ́ iṣẹ́ náà yege. Ní 1962 ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn yunifásítì. Ní 1971, òun àti Adelola Adeloye kọ̀wé jáde nípa kókó rírọ̀ kan tí a máa ń bí mọ́ àwọn ọmọ kan ní òkè àwùjẹ̀, níbi tí orí ọmọ tuntun gbé ń mì lẹ̀lẹ̀. Ìyá tí ó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí ọmọ rẹ̀ lè rò pé ọpọlọ ni ó ń yọ jáde. Wọ́n fi hàn pé òkè agbárí ni kókó náà wà, kò wọ inú ọpọlọ, a sì lè yọ ọ́ kí ọmọ náà máa bá ayé rẹ̀ lọ. Títí di òní, orúkọ àwọn ọmọ Yorùbá méjì yìí ni a fi ń pe àìsàn náà nínú ìwé àwọn oníṣègùn. Odeku kú ní London ní 1974, ẹni ọdún 47 péré. Ilé ìkàwé ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe inú ìwé nìkan ni a ti kọ́ ohun tí a ń kọ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n wa kan nínú ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn orí fífọ́ tí ń jí i láàárọ̀, tí èébì sì ń tẹ̀lé e. Ènìyàn tútù ni tẹ́lẹ̀. Ó wá di oníbìínú, ó sì ń gbàgbé ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Àwọn kan ní ayé ni, àwọn kan ní ìrònú ni. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, oṣù kan sì tún kọjá kí a tó rí owó àwòrán inú orí kó jọ. Àwa ni akọ̀wé ẹbí. Ọwọ́ wa ni ìwé ìṣirò wà. Ènìyàn mọ́kànlá péré ni orúkọ wọn wà lójú ewé tí a kọ “Ìtọ́jú” sí lórí. Nígbà tí àwòrán náà fi jáde, kókó ti gba àyè púpọ̀ nínú orí rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ sọ pé ìbá ṣe pé ó tètè dé, ohun tí òun lè ṣe ìbá pọ̀ ju báyìí lọ. Kò lò tó oṣù kan lẹ́yìn náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹbí pé jọ nítorí ìsìnkú, orúkọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni a kọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Aṣọ ẹbí oríṣi méjì, màlúù méjì, onílù, ayàwòrán: gbogbo rẹ̀ ni owó rẹ̀ pé. A ṣí ojú ewé méjèèjì, a kà wọ́n sókè tẹ̀léra, a kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Ilé dákẹ́. Nígbà náà ni a bẹ̀ wọ́n pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó náà, kí a fi ránṣẹ́ sí yunifásítì kan tí ó ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, fún ìwádìí àti fún aláìní tí kò lè san owó àwòrán. Bàbá àgbà kan bínú, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé o fẹ́ kí a sin ọmọ wa bí ẹni tí kò lẹ́nìkan ni? Òkú kì í gba rìsíìtì.” Opó olóògbé ni ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ dákun, ẹ má bínú. Aṣọ kejì yẹn, ara mi kò gbà á. Bí ọkọ ẹlòmíràn bá tètè rí àwòrán orí rẹ̀ yà nítorí ọkọ tèmi, ìyẹn ni n óò fi ṣe aṣọ.” Kò sí ẹni tí ó rí èsì fọ̀. A yọ aṣọ kejì kúrò. Rìsíìtì dé láìpẹ́, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé kẹta. Láti ìgbà náà, bí ẹbí bá pàdé, a ń ṣí ojú ewé náà; ẹni tí ó bá ní, a fi nǹkan sí i.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní iṣẹ́ ìjọba ni. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ìjọba ni, a kò sì gbọdọ̀ dẹ́kun láti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní Montreal, ọrẹ ni ó ṣáájú tí ìjọba fi rí ohun tí yóò tì lẹ́yìn. Àwọn mìíràn yóò ní ebi ń pa ẹni tí ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, kí ni a ń wá lọ sí iyàrá ìwádìí? Ẹ fún ẹni tí ebi ń pa ní oúnjẹ. A kò wí pé kí ẹ mú un kúrò lẹ́nu rẹ̀. Owó gèlè kẹta ni a ń tọ́ka sí. Àwọn mìíràn yóò ní wọn yóò jẹ owó náà. Ọ̀rọ̀ yìí tọ́, akọ̀wé kan kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ọrẹ yín sí àpò yunifásítì tàbí ti ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí ọwọ́ ẹnìkan. Ẹ kọ ohun tí owó náà wà fún sínú ìwé. Ẹ gba rìsíìtì. Bí ọdún bá yí, ẹ béèrè ohun tí a fi ṣe, ẹ má sì tijú.

Ẹ béèrè ohun kan sí i: ta ni yóò ní ìmọ̀ tí ó bá ti ibẹ̀ jáde? Ní 2016, Larry àti Judy Tanenbaum, tọkọtaya kan ní Kánádà, fi 20 mílíọ̀nù dọ́là ta ilé ti Montreal náà lọ́rẹ, kí a lè máa fi ohun tí ìwádìí ibẹ̀ bá rí hàn fún gbogbo ayé láìti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Irú ọrẹ bẹ́ẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti dé ọ̀dọ̀ èyí tí ó wà ní London.

Ẹni tí kò ní mílíọ̀nù ní ọwọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ tí ó ní ogójì ọmọ ẹgbẹ́ lè dá owó aṣọ kan ní ọdún jọ, kí wọ́n sì máa fi ránṣẹ́ láìyẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan náà tí wọ́n ti di ẹni ńlá lè pa owó pọ̀ fi ṣe ojú owó, kí èlé rẹ̀ máa ran ọ̀dọ́ dókítà kan lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́ ọpọlọ. Owó kékeré tí ń dé déédéé sàn fún olùwádìí ju owó ńlá tí ó dé lẹ́ẹ̀kan tí kò tún padà wá mọ́, nítorí ìwádìí tí a dá dúró lágbede méjì a máa bàjẹ́ bí ẹ̀kọ tí a kò rò tán.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, bí ẹ bá jókòó ti ìwé ìnáwó ilé yín, ẹ fà ìlà kan sí abẹ́ owó fìlà àti owó gèlè, kí ẹ kọ “Orí” síbẹ̀. Ẹ fi ohunkóhun tí agbára yín bá ká síwájú rẹ̀. Akódà kan kò ní wá béèrè rẹ̀. Ọmọ tí a kò tíì bí ni ó ń dúró dè é.